Ẹni Tó Kàn Ń Jókòó Ti Màmá

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ńlá yẹn kọjá láàárọ̀, orin ló máa kọ́kọ́ gbọ́ kí òórùn ọṣẹ tó kàn án nímú. Ilé ìfọṣọ nìyẹn. Gbogbo aṣọ tí àwọn aláìsàn sùn lé, tí wọ́n bì sí, tí wọ́n bímọ sí, tí àwọn mìíràn tiẹ̀ kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o wá kó lè tún funfun padà. Ẹnu àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í dákẹ́. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀, ooru pọ̀, tí èèyàn ò bá kọrin tàbí kó rẹ́rìn-ín níbẹ̀, á kàn ṣàdédé rí i pé òun ti ń sunkún.

Olóhùn-Iyọ̀ ló máa ń lé orin fún wọn. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbì kan, ṣùgbọ́n ta ló ń wá a lọ síbẹ̀? Ohùn rẹ̀ ni iyọ̀ iṣẹ́ náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló tóbi, ìdúró ló sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó ti dúró ti àwọn ẹ̀rọ olóoru yẹn títí kókósẹ̀ rẹ̀ fi ń wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú omi. Tó bá ti gbé aṣọ àkọ́kọ́ báyìí, á dá orin sílẹ̀:

*Aṣọ funfun, jẹ́ n rójú rẹ o,*
*Ìdọ̀tí lọ, ìdọ̀tí lọ.*
*Ẹni tó dùbúlẹ̀ lé ọ á dìde o,*
*Ìdọ̀tí lọ, ìdọ̀tí lọ.*

Wọ́n á gbè é, ọwọ́ á máa bá orin lọ, iṣẹ́ á sì máa tán bí ẹni ń ṣeré.

Nígbà tí ọ̀gá yàrá ìlọṣọ fẹ̀yìn tì, ohun tí gbogbo wọn ń sọ ni pé Olóhùn-Iyọ̀ ni kó lọ síbẹ̀. Yàrá ìlọṣọ ní fèrèsé. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ sì ní àga. Àga, ẹ̀yin èèyàn mi!

Eléjí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí àlàfo wà láàárín eyín rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í sì í dúró lẹ́nu rẹ̀, ló fà á létí. “Tí o bá débẹ̀, rántí wa o. Má jókòó tán kó o wá máa pè wá ní ‘ẹ̀yin wọ̀nyẹn’.”

“Mi ò tíì rí àga, o ti ń bá mi jà nítorí àga.”

“Mo ń bẹ̀rù ni. Ìdí rẹ gan-an ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jókòó. O lè jókòó tán kó o ṣubú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n Olóhùn-Iyọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Dókítà ti sọ fún un nípa ẹsẹ̀ yẹn. Ó ní tí kò bá kúrò ní ìdúró, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìdúró ló máa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó sì wà níbẹ̀ fún un nìyẹn: bóyá yóò máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dọjọ́ alẹ́.

Ilé rẹ̀ kò jìnnà síbi iṣẹ́. Ìsọ̀ ọkọ rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Atúnbàtàṣe ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Bàtà tó ti ya ẹnu bí ẹni ń yán, á rán an, á kàn án, á fi ọ̀dà kùn ún, olówó á wá bá bàtà rẹ̀ kò ní dá a mọ̀. Ìyá ọkọ náà, tí wọ́n ń pè ní Màmá, dùbúlẹ̀ sí yàrá tó tẹ̀ lé ìsọ̀ náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá kan lára rẹ̀. Ojú kan ń rẹ́rìn-ín, ojú kejì ń wò bí àlejò. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ìyá àti ọmọ, ẹni tó bá wúkọ́ lọ́hùn-ún, ẹni tó wà níhìn-ín á gbọ́.

Bí Olóhùn-Iyọ̀ bá ti jí, ọ̀dọ̀ Màmá ló ń gbà. Á yí i padà, á nù ún, á fi ìpara ra ẹ̀yìn rẹ̀ kí egbò tó wà níbẹ̀ má baà pọ̀ sí i, á fún un lóúnjẹ, kó tó sáré lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà Màmá á dákẹ́ síbẹ̀ láìjẹ láìmu, títí ìyàwó rẹ̀ á fi sáré wálé lákòókò ìsinmi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a di ipò rẹ̀ mú nídìí ẹ̀rọ. Ṣé ọmọ kò sí lẹ́nu ọ̀nà ni? Ó wà. Àmọ́ Màmá ti fi òfin sí i láti ọjọ́ tó ti dùbúlẹ̀. Ó ní, “Ọmọ tí mo bí kò ní fọwọ́ gbé mi bí ẹrù. Kò ní rí ìhòòhò mi.” Bí ìyàwó bá ti wọlé báyìí, Màmá á yíjú sí ẹnu ọ̀nà, á ní, “Ọmọ mi, jáde.” Ọmọ á jáde. Á jókòó, á mú òòlù, á máa kan ìṣó mọ́ bàtà tí kò nílò ìṣó, kíkan kíkan, kí ìyá rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ìfẹ́ ni. Ìtìjú náà ni. Àwọn méjèèjì ti wé mọ́ra, kò sí ẹni tó ronú láti tú u.

Ọ̀rọ̀ àárín ìyá ọkọ àti ìyàwó, ẹ jẹ́ n sọ ọ́, ó dùn létí.

“Ìyàwó,” Màmá á fi ẹnu ẹ̀gbẹ́ kan sọ ọ́, “o pẹ́ lónìí. Àbí o rí ọkọ míì lọ́nà?”

“Mo rí i, Màmá. Mo rí ìyá rẹ̀ náà. Ìyá yẹn le jù yín lọ, ni mo bá sá padà wá.”

“O gbọ́n.”

Màmá á rẹ́rìn-ín, itọ́ á dà, ìyàwó á nù ún. Lẹ́yìn náà ló máa ti orúnkún bọ ẹ̀yìn ìyá náà, á gbé e jókòó, á rọra tẹ àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀, á wá fi ṣíbí bu omi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣíbí kan, á kọ ẹsẹ orin kan. Tí ẹsẹ orin yẹn bá parí, ọ̀fun Màmá ti gbé omi náà mì. Ṣíbí mìíràn, ẹsẹ orin mìíràn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn tí omi ti fẹ́ pa Màmá lẹ́ẹ̀kan rí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn náà.

Tí àwọn oníbàtà bá sì bi ọkọ pé, “Ta ló ń tọ́jú ìyá yín?” á ní, “Ìyàwó mi ni. Ó kàn máa ń sáré wá jókòó tì í díẹ̀ ni.” Kò purọ́. Ohun tó mọ̀ ló sọ.

Ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá máa fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò nítorí ipò náà dé, àkókò ìsinmi gan-an ni wọ́n sì fi í sí. Oòrùn ọjọ́ yẹn mú. Láti àárọ̀ ni ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara Màmá, ètè rẹ̀ ti ń gbẹ. Olóhùn-Iyọ̀ wọ aṣọ tó dáa jù nínú àpótí rẹ̀, ó dúró níwájú ìsọ̀.

“Olówó orí mi, ẹ bá mi fún Màmá lómi tó bá dọ̀sán. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀.”

Ọkọ gbójú sókè, ìṣó wà láàárín ètè rẹ̀. “Omi nìkan?”

“Omi nìkan. Màá fún un lóúnjẹ tí mo bá dé. Díẹ̀díẹ̀ o. Ṣíbí ni kí ẹ lò.”

“Ṣé kì í ṣe kí n jókòó tì í ni? Lọ, jàre. Ṣé mi ò mọ omi ni?” Ó yọ ìṣó lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín sí i. “Wò ó bó ṣe rí. Bí wọn ò bá fún ọ nípò náà, ojú wọn ló fọ́.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti wò ó báyẹn. Ó lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí kò láìsàn kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lọṣọ, tó jẹ́ pé Olóhùn-Iyọ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ti ṣáájú rẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Nígbà tó jáde, Olóhùn-Iyọ̀ bi í pé, “Kí ni wọ́n bi ọ́, ọmọ mi? Wọ́n bi ọ́ nípa ilé?”

“Ilé? Ilé ta, mà? Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n bi mí.”

Òun náà, wọ́n bi í nípa áyọ́ọ̀nù, ó dáhùn tìdùnnú tìdùnnú. Wọ́n bi í nípa iná, nípa aṣọ àwọn oníṣẹ́ abẹ, nípa bó ṣe máa ṣe tí èèyàn méjì bá ń jà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn kọ́ ìka mọ́ra.

“A gbọ́ pé ara ìyá ọkọ yín ò le, àti pé ẹ máa ń sáré wálé. Ọ̀gá kì í sáré wálé. Ta ló máa wà pẹ̀lú ìyá yẹn?”

Ó fọkàn balẹ̀ dáhùn. “Ọmọ rẹ̀ wà nílé, sà. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó jókòó tì í.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ òun ni òun yá sọ. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín àwọn ọ̀gá náà wo ojú rẹ̀, ó tún wo ilẹ̀. Wọ́n ní kó jáde. Wọ́n ní kó wọlé. Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Háà! Ariwo tó sọ nílé ìfọṣọ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ ò lè bò ó. Eléjí gbé e sókè bí ọmọdé. Wọ́n lé orin fún ẹni tó máa ń lé orin fún wọn, orin tí wọ́n hun níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀:

*Ìdúró ti tó, jókòó o,*
*Olóhùn-Iyọ̀, jókòó.*
*Ẹsẹ̀ ń kí ọ, ó ní o ṣeun,*
*Olóhùn-Iyọ̀, jókòó.*

Orin yẹn ló ń kọ bọ̀ nílé. Ó ń ro bó ṣe máa sọ ọ́ fún Màmá, bí Màmá ṣe máa ní, “Ọ̀gá ìlọṣọ, wá lọ etí mi tó hunjọ yìí.” Ó ṣẹ́ kọ́nà tán ni kò gbọ́ òòlù.

Kò sí ẹnì kan ní ìsọ̀. Bàtà kan wà nílẹ̀, ìṣó ti wọ ìdajì, ìdajì ṣì wà níta. Àwọn aládùúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n là fún un láìsọ̀rọ̀. Ó mọ̀. Ara ti mọ̀ kí etí tó gbọ́.

Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ó kàn wúkọ́ ni,” ó wí. “Ó kàn ń wúkọ́, mo ní kó rọra. Lẹ́yìn náà kò wúkọ́ mọ́.”

Olóhùn-Iyọ̀ fò sórí ibùsùn, ó yí Màmá sí ẹ̀gbẹ́, ó gbá a lẹ́yìn, ó ti ìka bọ ẹnu rẹ̀, ó pè é ní gbogbo orúkọ tó mọ̀. Ètè ìyá náà ti dúdú. Ìgbà tó wá gbójú sókè ló rí ìrọ̀rí. Ó wà pẹlẹbẹ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe tẹ́ ẹ láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e sókè. Kò sẹ́ni tó gbé Màmá dìde. Nínú ara rẹ̀ ló wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú ìsọ̀: omi nìkan, díẹ̀díẹ̀, ṣíbí ni kí ẹ lò. Kò sọ pé kó gbé e jókòó. Kò wá sí i lẹ́nu. Ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ jù, ẹnu kì í rántí sọ ọ́.

Ó jókòó ti Màmá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó tì í lóòótọ́, torí kò sí nǹkan míì láti ṣe.

Wọ́n sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn mọ̀lẹ́bí péjọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá ọkọ, ló jókòó sáàárín. Ẹ̀gbọ́n Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ lóbìnrin, ti ìlú tó ń gbé dé. Ẹni tí kì í wá wo Màmá bí kò ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá sì wá, ìdí ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí, aṣọ á wà ní imú rẹ̀. Ẹkún tirẹ̀ ló ròkè jù.

“Ipò ló lọ wá!” ó ń pariwo. “Ìyá wa ń kú lọ, ìyàwó ilé ń wá àga! Kí ló fẹ́ fi ipò ṣe? Ṣé ọkọ rẹ̀ kì í bọ́ ọ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́,” Olóhùn-Iyọ̀ wí.

“Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n! Ojú rẹ dá. Wò ó, kò tiẹ̀ sunkún!”

“Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀,” Bàbá Kékeré wí. Ó yíjú sí ọkọ. “Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà?”

“Mo wà nílé, Bàbá.”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

Ọkọ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ gbọ́, kó sì jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló máa sọ ọ́.

“Ìyàwó mi ò sí nílé,” ọkọ wí.

Òótọ́ ni. Ó sì bà á bí ìgbájú. Ẹ̀gbọ́n Àgbà pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́! Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde o!” Bàbá Kékeré mi orí, ó ní ohun tí òun rò ni pé kí ìyàwó fi ipò náà sílẹ̀, kí ayé má baà sọ pé orí òkú ìyá wọn ló gbé àga lé. Ó ní kí wọ́n gbé omi wá ná, ọ̀fun òun ti gbẹ.

Ta ló máa gbé omi wá? Olóhùn-Iyọ̀ dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbàlejò. Ó bu omi sínú ife, ó tò ó sórí àwo, ó ń bọ̀ tìrora tìrora. Ó dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó na omi sí i. Ọkọ wo ife náà, kò gbà á.

“Jókòó,” ó wí fún un. Ó gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. “Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo fún un lómi lórí ìdùbúlẹ̀. Mo fẹ́ gbé e, ó di aṣọ mọ́ra, ó ní kí n má fọwọ́ kan òun, kí n ṣáà fún òun lómi. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo fún un. Ó ń wúkọ́, mo tún fún un sí i, mo rò pé omi ló máa dá ikọ́ náà dúró.”

Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀gbọ́n Àgbà súnmọ́ ọn, ó gbá a mọ́ra. “Má dá ara rẹ lẹ́bi, àbúrò mi. Báwo ni wàá ṣe mọ̀? Ṣé iṣẹ́ ọkùnrin ni?”

“Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ,” Bàbá Kékeré wí. “Ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.”

Ẹ ò rí nǹkan! Ó jẹ́wọ́, wọ́n gbé ẹ̀bi náà kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni gbé fìlà, orí ìyàwó náà ni wọ́n tún dé e lé.

Ọkọ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ má fi ìyẹn tù mí nínú. Ògiri kan ló wà láàárín èmi àti ìyá mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ tí obìnrin yìí ń kọrin níbẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ ló ń dùn ni. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Mi ò bi í. Ìyá tèmi ni, ọwọ́ mi méjèèjì sì pé.”

“Ó ti tó,” Bàbá Kékeré wí. “Ọ̀rọ̀ ipò yẹn ńkọ́?”

Kí ọkọ tó la ẹnu, Olóhùn-Iyọ̀ ti dá a lóhùn. Kò gbé ohùn sókè. “Màá lọ, Bàbá. Mo máa sunkún Màmá dọjọ́ tí mo máa kú, ẹ ò ní láti bá mi kà á. Àmọ́ lọ́jọ́ Ajé, màá lọ.”

Ẹ̀gbọ́n Àgbà pòṣé. Àwọn mọ̀lẹ́bí dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó mu omi náà.

Ní ọjọ́ kejì, ó la ojú ní àfẹ̀mọ́jú, ó ti dé yàrá Màmá kó tó rántí. Ó dúró sáàárín yàrá, ọwọ́ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já ẹrù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ ibùsùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ ìró omi níta.

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó ti kó gbogbo aṣọ Màmá sínú ọpọ́n, omi gbígbóná ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti gbé e dání láti dà á lé ibi tí ẹ̀jẹ̀ egbò ti kàn. Afọṣọ wo ni kò mọ̀ pé tí omi gbígbóná bá kan ẹ̀jẹ̀, àbàwọ́n náà ti rílé gbé nìyẹn?

Olóhùn-Iyọ̀ jókòó sí ẹnu ìloro. Ìbínú wà nínú rẹ̀ tí kò mọ ibi tó máa gbé e sí, àánú wà níbẹ̀, ẹ̀bi tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ ń yún un láti gba aṣọ yẹn. Ó fi wọ́n sábẹ́ itan.

“Èmi náà ò sọ fún yín pé kí ẹ gbé e dìde,” ó wí.

Ọkọ kò yíjú padà. “Mi ò bi ọ́.”

Ọkọ tún gbé omi náà.

“Omi tútù ni,” ìyàwó rẹ̀ wí.

Ọkọ da omi gbígbóná náà nù, ó pọn tútù, ó dà á sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún aṣọ náà bí ẹni ń rún awọ bàtà.

“Ẹ má fagbára ṣe é. Ẹ jẹ́ kó rin ná.”

Ó dúró. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tó tó àkókò, ó tún na ọwọ́ sínú omi, ó ń fọ̀ ọ́, kò fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń sọ èyí tó kàn fún un. Kò dìde.